Onídùúró fún Onílé: Ìtàn Àpò Owó tí Ó Ń Gba Onílé Lọ́wọ́ Iṣẹ́ Burúkú

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Ṣùgbọ́n kí ni ti ẹni tí ó ti oko dé, tí ó rí i pé inú ilé gan-an ni làálàá rẹ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òrùlé tuntun ń jò. Ògiri tí wọ́n rẹ́ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti là láti òkè dé ilẹ̀. Omi ilé ìwẹ̀ ń gba abẹ́ ògiri wọ yàrá. Onílé gba ilé agbaṣẹ́ṣe lọ, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó tún padà lọ, wọ́n ní ó ti kó kúrò. Owó tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ti wọ inú iṣẹ́ tí kò dára, ẹni tí ó gba owó náà kò sì sí níbi tí ojú lè tó o.

Ta ni yóò tún ilé náà ṣe? Ìbéèrè yìí ti wà láti ìgbà tí ènìyàn ti ń gbé iṣẹ́ ilé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Oríṣiríṣi ni ìdáhùn tí àwọn ìlú ayé ti fún un. Àwọn kan ní kí wọ́n pa ẹni tí ó kọ́ ilé náà. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Àwọn kan ní kí ìjọba gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ púpọ̀ kí àwọn aṣòfin tó mú ọgbọ́n kan lò tí kò ṣòro fún àwọn baba ńlá wa láti lóye: kí ẹnìkan dúró fún agbaṣẹ́ṣe ṣáájú kí ó tó gbowó, kí onílé lè mọ ibi tí yóò kọjú sí bí ọ̀rọ̀ bá dàrú. Bí onídùúró yìí ṣe dé sínú iṣẹ́ ilé ni ìtàn tí ó wà níhìn-ín.

Ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Jésù, Hammurabi, ọba Bábílónì, ní ilẹ̀ tí ó di Ìráákì lónìí, ní kí wọ́n gbẹ́ àwọn òfin rẹ̀ sára òkúta dúdú kan. Inú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní ìlú Paris ni òkúta náà wà. Àwọn òfin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n bá kọ́lékọ́lé wí. Bí ilé bá wó pa onílé, pípa ni kí wọ́n pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí ó bá pa ọmọ onílé, ọmọ kọ́lékọ́lé ni kí wọ́n pa. Bí ó bá ba ẹrù jẹ́, kí kọ́lékọ́lé san iye ẹrù náà, kí ó sì fi owó ara rẹ̀ tún ilé náà kọ́. Bí ògiri bá ń fẹ́ wó kí iṣẹ́ tó parí pàápàá, owó ara rẹ̀ náà ni yóò fi mú un dúró ṣinṣin.

Ohun méjì ni ó yẹ kí ènìyàn fi ojú sí nínú òfin wọ̀nyí. Èkíní ni ẹ̀san: ẹ̀mí fún ẹ̀mí, ọmọ fún ọmọ. Ìkejì ni àtúnṣe: kí ẹni tí ó ba iṣẹ́ jẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀san a máa tẹ́ ìbínú lọ́rùn, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ikú kọ́lékọ́lé kò lè dá òrùlé padà sórí ilé. Àtúnṣe ni ó ṣe onílé ní àǹfààní, òun náà sì ní àbùkù tirẹ̀. Ó dúró lórí pé kọ́lékọ́lé wà láàyè, pé wọ́n mọ ibi tí ó wà, àti pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yẹ̀, onílé kò ní ju òfin lọ́wọ́.

Àbùkù yìí ni ó tẹ̀ lé àwọn òfin mìíràn káàkiri ayé. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé ṣe àkójọ òfin rẹ̀ ní 1804, wọ́n fi sí i pé fún ọdún 10 ni ayàwòrán ilé àti agbaṣẹ́ṣe yóò máa jẹ́jọ́ ilé tí ó bá wó nítorí àìdára iṣẹ́ tàbí nítorí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé. Ọdún 10 kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òkú ṣe ẹjọ́? Ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí gbèsè ti bò mọ́lẹ̀? Ó di oṣù kìíní 1978 kí ilẹ̀ Faransé tó ṣe òfin pé kí onílé gba ìwé adójútòfò ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ́kọ́ san owó àtúnṣe, kí ó tó wá lọ bá ẹni tí ẹ̀bi bọ́ sí lórí ní ìyókù ọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn tirẹ̀. Láàrin ogun àgbáyé kìíní àti èkejì, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n kọ́ kíákíá yí ìlú London ká fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yáwó ra ilé. Ní 1934, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Elsy Borders, àti ọkọ rẹ̀ tí ń wa takisí, ra ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní West Wickham. Kò pẹ́ tí òrùlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, tí ọ̀rinrin sì gba inú ògiri. Ní 1937, Arábìnrin Borders kọ̀ láti san owó tí ó kù mọ́. Ẹgbẹ́ tí ó yá wọn lówó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n lè gba ilé. Obìnrin náà kò gba lọ́yà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró níwájú adájọ́, tí ó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀, tí ó sì ń béèrè owó àtúnṣe ilé rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé mìíràn náà dá owó tiwọn dúró.

Ní 1939, adájọ́ kò fún ẹgbẹ́ ayánilówó náà ní ilé, kò sì fún obìnrin náà ní owó tí ó béèrè. Ẹjọ́ náà gòkè títí ó fi dé Ilé Ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ó sì ti já sí ẹ̀yìn fún un ní 1941. Kì í ṣe pé ariwo rẹ̀ jẹ́ lásán. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1939 fi ìjánu sí àdéhùn tí ó ń lọ láàrin àwọn ẹgbẹ́ ayánilówó àti àwọn kọ́lékọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé tirẹ̀: ọdún mẹ́rin ni ẹjọ́ fi wà nílẹ̀, òrùlé kò sì dúró de adájọ́ kí ó tó jò. Ìgbìmọ̀ kan ti wà láti 1936 tí àwọn kọ́lékọ́lé ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, National House Builders Registration Council, tí ó ń yẹ ilé wò, tí ó sì ń ṣe onídùúró fún ilé tuntun. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn Borders rà ti ṣáájú rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n onídùúró yìí ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin iṣẹ́ ilé fún ara rẹ̀. California ti dá ìgbìmọ̀ tí ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní láísẹ́ńsì sílẹ̀ láti 1929. Láísẹ́ńsì a máa sọ ẹni tí ó yege fún iṣẹ́, gbígbà á lọ́wọ́ ẹni a sì máa dẹ́rù ba àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìjọba gbà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kì í ṣe owó tí ó bọ́ sí ọwọ́ onílé. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní kí agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan mú onídùúró tirẹ̀ wá, ilé iṣẹ́ kan tí yóò san iye kan bí ó bá ṣẹ̀. Èyí sàn díẹ̀. Àmọ́ bí agbaṣẹ́ṣe kan bá sá fi iṣẹ́ ènìyàn mẹ́wàá sílẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni yóò jọ du owó kékeré kan náà.

Ní 1964, California gbé ìgbésẹ̀ mìíràn nínú òwò ilé àti ilẹ̀ títà. Ó ya àpò owó kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí aṣojú tí ó ní láísẹ́ńsì bá lù ní jìbìtì, tí ó gba ìdájọ́ ṣùgbọ́n tí kò rí owó gbà. Owó tí àwọn aṣojú fúnra wọn ń san fún láísẹ́ńsì ni wọ́n ti ń bu sínú àpò náà. Ọgbọ́n kan náà fara hàn nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn: Virginia ní 1980, Arizona ní 1981, Maryland ní 1985. Florida náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1993, ní ọdún kan lẹ́yìn tí ìjì líle tí wọ́n pè ní Andrew ti ṣí òrùlé kúrò lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, tí ó sì tú àṣírí iṣẹ́ àwọn tí kò kan ìṣó síbi tí ó yẹ.

Ti Maryland ni ó yẹ kí ènìyàn yẹ̀ wò fínnífínní, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni ó fi ìpínlẹ̀ náà ṣe ibùgbé, pàápàá ní agbègbè Prince George's tí ó múlé gbe Washington. Láti 1962 ni Maryland ti ní ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn tí ń tún ilé ṣe. Ní 1985 ni wọ́n wá fi àpò onídùúró kún iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà. Kì í ṣe owó orí ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kọ̀ọ̀kan ni yóò san dọ́là 100 sínú àpò náà kí ó tó gba láísẹ́ńsì. Òfin ní kí owó inú rẹ̀ má ṣe dín sí dọ́là 250,000. Bí ó bá fẹ́ dín, ìgbìmọ̀ yóò tún bu owó lé gbogbo àwọn agbaṣẹ́ṣe láti fi dí i.

Onílé tí iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ yóò kọ ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ láàrin ọdún mẹ́ta sí ìgbà tí ó mọ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó ti mọ̀, pé òun ti pàdánù. Ohun mẹ́ta ni òfin kà sí àṣìṣe: iṣẹ́ tí kò bá ọgbọ́n iṣẹ́ mu, iṣẹ́ tí kò tó, àti iṣẹ́ tí wọ́n kò parí. Wọn yóò gbọ́ tẹnu onílé, wọn yóò sì gbọ́ tẹnu agbaṣẹ́ṣe. Bí agbaṣẹ́ṣe bá fi òótọ́ inú bẹ onílé pé kí ó jẹ́ kí òun wá tún un ṣe, tí onílé sì kọ̀ láìnídìí, ẹ̀bẹ̀ onílé lè já sí asán. Àpò náà kò sí fún ẹni tí ń wá ìjà.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò àdánù kò lọ́jú pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan gbé e yẹ̀ wò. Bí àdéhùn bá jẹ́ dọ́là 20,000, tí onílé ti san 15,000 kí agbaṣẹ́ṣe tó ba iṣẹ́ jẹ́ tí ó sì fi í sílẹ̀, tí agbaṣẹ́ṣe mìíràn wá gba 12,000 láti tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe àti láti parí ìyókù, 27,000 ni gbogbo owó tí ilé náà gbà. Yọ 20,000 tí onílé ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun yóò ná kúrò nínú rẹ̀. Ó ku 7,000. Iye yìí ni àdánù, òun náà ni àpò yóò san. Àpò náà kì í san owó lọ́yà, kì í san owó ìrora ọkàn, kò sì ní san ju iye tí onílé ti kó fún agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́. Kì í ṣe owó gbà-má-bínú. Owó òrùlé ni.

Lẹ́yìn tí àpò bá ti san owó, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kù láàrin àpò àti agbaṣẹ́ṣe. Ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo owó náà padà pẹ̀lú èlé tí kò dín ní ìpín 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Títí tí yóò fi san án, wọn yóò dá láísẹ́ńsì rẹ̀ dúró. Ibí yìí ni àpò onídùúró ti yàtọ̀ sí òkúta Hammurabi. Ìyà wà síbẹ̀, gbèsè wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n onílé kò ní láti dúró kí ìyà tó jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ó tó sùn sábẹ́ òrùlé tí kò jò. Wọ́n ya ìdájọ́ sọ́tọ̀, wọ́n ya àtúnṣe sọ́tọ̀. Àpò ni ó ń lépa onígbèsè. Onílé ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa lè ráhùn. Èéṣe tí ẹni tí kò jalè yóò fi máa san owó olè? Ìráhùn náà ní ìdí. Agbaṣẹ́ṣe tí ó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́lé láìsí àbùkù san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí yóò sá lọ lọ́dún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Orúkọ iṣẹ́ náà ni gbogbo wọn jọ ń jẹ. Nígbà tí onílé bá gbọ́ pé wọ́n ti lu ọmọnìkejì rẹ̀ ní jìbìtì, kì í bèèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Gbogbo agbaṣẹ́ṣe ni ẹ̀rù wọn yóò máa bà á. Dọ́là 100 ni wọ́n fi ń ra ìgbẹ́kẹ̀lé, owó náà kò sì pọ̀ jù.

Àbùkù mìíràn wà tí ó jù èyí lọ. Owó àpò ní òpin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2022, dọ́là 20,000 ni èyí tí ó pọ̀ jù tí onílé kan lè gbà ní Maryland. Láti oṣù keje 2022 ni wọ́n ti sọ ọ́ di 30,000. Gbogbo àwọn tí agbaṣẹ́ṣe kan ṣoṣo bá ṣẹ̀ lápapọ̀, iye tí àpò lè san fún wọn kúrò ní 100,000, ó di 250,000. Ẹni tí àdánù rẹ̀ bá jẹ́ 80,000 yóò ṣì gbé èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó fi iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe tí kò ní láísẹ́ńsì kò ní nǹkan kan gbà, nítorí pé ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ kò ní onídùúró nínú ẹgbẹ́.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó máa ń dun àwọn àlejò ìlú jùlọ. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa fẹ́ fi iṣẹ́ fún ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, ará ìlú rẹ̀, ará ìjọ rẹ̀, ẹni tí ó mọ̀ pé owó rẹ̀ kò ní wọ́n. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ bí ẹni náà bá ní ìwé. Òfin Maryland ní kí àdéhùn wà ní kíkọ, kí nọ́ńbà láísẹ́ńsì wà nínú rẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe má sì ṣe gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó iṣẹ́ lọ nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí àdéhùn. Ẹni tí ó fojú fo nǹkan wọ̀nyí nítorí pé wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ọmọ ìyá nìkan ni yóò kù fún un láti bá sọ ọ́.

Kò yẹ kí ọgbọ́n yìí ṣe àjèjì létí Yorùbá. Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe ẹnìkan ni ó ń kọ́ ilé. Ọ̀wẹ̀ ni ènìyàn ń bẹ̀: ará, ọ̀rẹ́ àti àna ni wọn yóò jọ po amọ̀, tí wọn yóò sì jọ mọ ògiri. Bí ògiri bá wó, ojúlé ẹni tí ó mọ ọ́n kò jìnnà. Bí owó bá sì di yíyá, onídùúró ni wọ́n ń wá. Bí ẹni tí ó yáwó bá sá, ọrùn onídùúró ni gbèsè wà. Èsúsú náà kọ́ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Nínú èsúsú, ohun tí ènìyàn dá ni yóò kó. Nínú àpò onídùúró, ẹni tí ń dá owó kò gbàdúrà pé kí ọjọ́ kíkó dé, nítorí pé ọjọ́ náà ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́.

Nígbà tí ilé alájà 21 wó lulẹ̀ ní Ìkòyí, ní ìlú Èkó, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ó lé ní ogójì ènìyàn tí ó kú. Ẹni tí ó ń kọ́ ilé náà wà lára wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀san ni ìdáhùn, a jẹ́ pé ilé náà ti ṣe ìdájọ́ kí adájọ́ tó jókòó, síbẹ̀ ikú rẹ̀ kò dá ohunkóhun padà fún ẹnikẹ́ni. Kò sí àpò owó tí ó lè dí àlàfo ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí kò pa ẹnikẹ́ni, tí ó kàn ń jò, tí ó kàn ń là, tí ó ń jẹ ìfẹ̀yìntì tíṣà tàbí èrè ìyá olóbì run díẹ̀díẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn olùjíròrò bá lọ sílé ni èyí: lẹ́yìn tí a bá ti mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, ta ni yóò gun orí òrùlé?